Ọjọ́ Tí Kọ̀ǹpútà Èbúté Kọ̀ Láti Jí

Hallbera ló ń wa bọ́ọ̀sì ọmọ iléèwé lábúlé wa, òun náà ló ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Kò kọ́ iṣẹ́ náà lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni. Ọkọ rẹ̀ kú, ó fi yàrá kan tó kún fún ẹ̀rọ tó ti bàjẹ́ sílẹ̀, Hallbera sì jókòó tì wọ́n ní gbogbo ìgbà òtútù ọdún yẹn, ó ń tú wọn, ó ń tò wọ́n, títí wọ́n fi ń gbọ́ tirẹ̀. Kì í pariwo, kì í sáré. Ìwà yẹn ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí.

Aago mọ́kànlá àárọ̀ ni. Ìjì ti já wáyà iná, òpó tẹlifóònù sì ti wó. Nígbà tí iná padà dé, kọ̀ǹpútà tó ń fi ibi tí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan wà lójú òkun hàn wá nílé ìṣọ́ èbúté, níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́, kò jí. Ojú rẹ̀ dúdú, ìlà funfun kan péré ló wà níbẹ̀ pé òun ò rí ibi tí òun máa ti bẹ̀rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, kí iná tó lọ, Ásrún, ọmọ Ketill ọ̀gá èbúté, ti pè wá lórí rédíò pé ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ òun ti kú, omi sì ń gbé òun lọ síbi àpáta. Òun nìkan ló wà nínú ọkọ̀. Látìgbà yẹn, a ò gbúròó rẹ̀ mọ́. Àwọn adóòlà-ẹ̀mí ti wà nínú ọkọ̀ tiwọn nísàlẹ̀, ẹ́ńjìnnì ń kùn, wọn ò mọ ibi tí wọ́n máa kọrí sí.

Mo sáré lọ pe Hallbera. Ó dé, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń tú okùn bàtà rẹ̀ kó lè bọ́ ọ kó tó wọlé. Ó ṣe mí bíi kí n gbá a létí.

"Hallbera, bàtà kọ́ ló kàn!" Ketill pariwo.

"Tó o bá ń pariwo mọ́ mi, ọwọ́ mi á máa gbọ̀n. Lọ dúró lọ́hùn-ún."

Ó pa ẹ̀rọ, ó tàn án. Ìlà funfun yẹn náà ni. Ó tú u, ó tẹ àwọn wáyà inú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó tún tàn án. Pàbó.

"Kí lẹ fi kún un láti àná?"

"A ò fi nǹkan kan kún un," ni mo yára dáhùn.

Ketill ti gbé iwájú orí ti fèrèsé. "Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún," ló ń sọ ṣáá.

Hallbera na ọwọ́ sẹ́yìn ẹ̀rọ bí ẹni ń wá ẹyin lábẹ́ adìyẹ, ó fa nǹkan pupa kan yọ. Mo dá a mọ̀ kíá. Ọmọláńgidi tí àwọn adóòlà-ẹ̀mí ń tà lọ́dọọdún láti fi ra epo àti okùn ni. Ẹni tí kò bá rà á níbí, ojú ahun ni wọ́n fi ń wò ó. Lọ́dún yìí wọ́n fi fíláàṣì sínú rẹ̀, àwòrán gbogbo wọn ló wà níbẹ̀. Èmi ni mo tì í bọ ẹ̀yìn ẹ̀rọ lánàá, kí n lè wo àwòrán, mo sì gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀.

"Tó bá ń jí, ohun tí wọ́n bá tì bọ̀ ọ́ lẹ́yìn ló kọ́kọ́ ń wò fún àṣẹ," Hallbera rọra sọ, èmi nìkan ló gbọ́. "Àwòrán ló bá níbẹ̀."

Ó tún tàn án. Òkun yọ lójú ẹ̀rọ, àmì kékeré kan sì wà létí àpáta àríwá gan-an. Ketill já rédíò gbà, ó ń ka nọ́ńbà ibi tí ọkọ̀ náà wà fún àwọn tó wà nísàlẹ̀. Wọ́n ti ṣí kó tó parí ọ̀rọ̀.

Ogójì ìṣẹ́jú la fi dúró. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan kọfí tí mo gbé kalẹ̀. Lẹ́yìn náà ni rédíò sọ̀rọ̀: "Ó ti wà lọ́dọ̀ wa. Ó ń bú wa pé a pẹ́."

Ketill jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sunkún bí ọmọdé. Nígbà tó yá, ó ní, "Kí ló tiẹ̀ ṣe ẹ̀rọ yẹn?"

"Ó ti darúgbó ni, bíi tìẹ," Hallbera dáhùn. Ọmọláńgidi náà ti wà nínú àpò rẹ̀.

Ketill dìde, ó dì mọ́ mi gbàgì. "Ìwọ lo sáré lọ pè é. Ìwọ lo gba ọmọ mi là. O ṣé, o ṣé gan-an."

Hallbera ń wò mí, ó ń so okùn bàtà rẹ̀.

Mo ní kò tọ́pẹ́.