Èèpo Àgbọn Tí Ìyá Mi Ń Rì Mọ́lẹ̀

Nígbà tí mo ṣì jẹ́ ọmọ tí ń sá sẹ́yìn ìró ìyá rẹ̀ bí àlejò bá kan ilẹ̀kùn, Ajara ni a ń gbé, lẹ́bàá Àgbádárìgì. Ẹ̀yin ọmọ òde òní, ìtàn ọgbà ẹ̀fọ́ kan ni mo fẹ́ sọ fún yín, ṣùgbọ́n mi ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Àwọn kan ṣì wà láyé, àwọn mìíràn sì fi ọmọ sílẹ̀.

Ìjọba ológun ló wà lórí oyè. Wọ́n ti ẹnubodè Seme pa, ìrẹsì sì di ohun tí à ń gbọ́ òórùn rẹ̀ láti ilé ẹlòmíràn. Bàbá mi, tó ti Èkìtì wá ṣe akọ̀wé ìjọba, wà lára àwọn tí wọ́n dá dúró lẹ́nu iṣẹ́. Àwọn onífàyàwọ́ a máa gba àárín igi àgbọn kọjá, bí wọ́n bá sì gbúròó sójà, wọn a rì kẹ́ẹ̀gì epo mọ́tò àti àpò ìrẹsì mọ́ inú yanrìn, wọn a padà wá hú u bó bá yá. Àwọn sójà mọ̀. Ọ̀pá irin ni wọ́n ń mú rìn, tí wọ́n fi ń gún ilẹ̀ kiri. Ẹni tó bá ta wọ́n lólobó a máa rí gbà nínú ẹrù tí wọ́n bá hú. Nítorí náà, kò sí ẹni tó fọkàn tán aládùúgbò rẹ̀ mọ́. Bí ènìyàn bá kí ọ pé, "Ẹ kú iṣẹ́ o," wàá kọ́kọ́ wò ó bóyá ojú rẹ ló ń wò ni, àbí ẹ̀yìn ilé rẹ.

Yanrìn ni ẹ̀yìnkùlé wa. Bí a bá da omi sí i, kí a tó ṣẹ́jú, ó ti mu ún tán. Ata àti tẹ̀tẹ̀ tí ìyá mi gbìn ń kú lọ ní ojú wa. Ìyá arúgbó kan tó jẹ́ Ègùn ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ó ń ṣe òróró àgbọn tà, ẹ̀yìn balùwẹ̀ ló sì máa ń da èèpo àgbọn rẹ̀ sí. Lọ́jọ́ kan, ìyá mi rí igi tòmátì kan tó lalẹ̀ hù láti inú èèpo tó ti ń jẹrà, ewé rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀ nínú ọ̀gbẹlẹ̀ yẹn. Ó dúró tì í pẹ́. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀, ó mú èèpo kan, ó fún un. Omi jáde sí i lọ́wọ́.

Ó ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní ìdọ̀tí yín."

"Ìdọ̀tí kẹ̀? Ìyàwó, ebi yìí ti dé orí rẹ o! Máa kó o. Ganji, ganji!" Bẹ́ẹ̀ ni àwọn Ègùn ń sọ pé ó dára. "Ẹ̀yin ará òkè yìí, ẹ ó fi ẹ̀rín pa mí."

Láti ìgbà náà, ní kùtùkùtù, kí oòrùn tó mú, ìyá mi a gbẹ́ kòtò, a tẹ́ èèpo àgbọn sí i, a da eérú àti omi tí a fi ṣan ẹja lé e, a fi yanrìn bò ó, a sì gbin nǹkan sórí rẹ̀. Ojú inú ìyá mi là. Kò rí ohun tó bàjẹ́ kó má rí ohun tó lè hù nínú rẹ̀. Bàsíà tó lu di ilé ata. Ọkọ̀ ojú omi kan wà tí àwọn apẹja ti jù sílẹ̀. Ó ní kí wọ́n bá òun wọ́ ọ wálé, gbọ̀rọ̀ sì kún inú rẹ̀ dẹ́múdẹ́mú. A bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ̀fọ́ tí a kò rà.

Ibẹ̀ ni ẹ̀rù ti ba bàbá mi. Ó ní bí àwọn ènìyàn bá rí i pé à ń jẹun, wọ́n á béèrè ibi tí a ti rí i. Ó fi imọ̀ àgbọn ṣe odi gíga yí ẹ̀yìnkùlé ká, ó sì fà mí létí: "Ohun tó wà lẹ́yìn ilé, ẹ̀yìn ilé ni kó wà. Ṣé o gbọ́?" Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo iṣẹ́ ẹ̀rù. Àwọn tó ń kọjá kò rí tòmátì mọ́. Ohun tí wọ́n ń rí láàárín imọ̀ ni obìnrin tó ń gbẹ́ ilẹ̀ láàárọ̀, tó ń rì nǹkan, tó sì ń bò ó.

Àwọn sójà dé ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan. A kò mọ ẹni tó ta wọ́n lólobó.

"Kí lẹ rì síbí?"

Ìyá mi ní, "Èèpo àgbọn ni, ọ̀gá."

Ọ̀kan nínú wọn bú sẹ́rìn-ín. "Ta ní ń sìnkú ìdọ̀tí? Ṣé ẹ pe àlùfáà sí i?"

Wọ́n fi ọ̀pá irin gúnlẹ̀, ó kan nǹkan. Wọ́n gbẹ́ ẹ, wọ́n rí èèpo. Wọ́n ní ìbòjú ni, ẹrù wà nísàlẹ̀. Wọ́n tú ebè wa kiri títí ó fi rẹ̀ wọ́n, wọ́n wá ní bàbá mi á lọ sọ ibi tí ẹrù wà fún ọ̀gá àwọn. Ó ká ọwọ́ lérí, wọ́n sì tì í lọ. Ọkùnrin kan ní Kankon, nítòsí wa, ti lọ bẹ́ẹ̀ rí, kò padà. Ìyàwó rẹ̀ ṣì ń retí rẹ̀ nígbà náà.

Ìyá mi kò sunkún. Ó mú àdá, ó gbẹ́ yí igi tòmátì kan tí wọn kò tíì tú ká, ó gbé e jáde tòun ti èèpo tó wà lábẹ́ rẹ̀, ó gbé e sínú bàsíà. Arúgbó Ègùn náà ti wé gèlè rẹ̀. "Má dá lọ. Èmi ni mo ni ìdọ̀tí." Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rìn dé ibi tí sójà ti ń dá ọkọ̀ dúró lójú ọ̀nà Seme.

Ọ̀gá wọn jókòó lábẹ́ agboòrùn. Bàbá mi wà lórí ìkúnlẹ̀ nínú oòrùn, kò lè gbójú sókè wò wá. Ìyá mi kúnlẹ̀, ó gbé bàsíà síwájú ọ̀gá.

"Ọ̀gá, ẹ wo gbòǹgbò rẹ̀. Ó ti ran mọ́ èèpo bí òwú ṣe ń ran mọ́ aṣọ. Bó bá jẹ́ pé à ń ṣí i, tí à ń kó ẹrù sábẹ́ rẹ̀, gbòǹgbò ò ní lè já wọ inú rẹ̀ báyìí."

Ọ̀gá náà fà á. Kò tú. Ó tún fà á, omi sì kán láti inú èèpo sórí bàtà rẹ̀.

Arúgbó náà ní, "Ká ní epo mọ́tò ni, imú yín ìbá ti gbọ́, ọmọ mi."

Àwọn sójà yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n ń pa ẹ̀rín mọ́ra. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Ojú ọ̀gá ni mò ń wò. Ó wo gbòǹgbò, ó wo ìyá mi, ó sì ní:

"Ẹ máa mú ọkọ yín lọ. Ẹ fi tòmátì sílẹ̀."

Nígbà tí a délé, ìyá mi kò jókòó. Ó fọwọ́ ara rẹ̀ wó odi imọ̀ náà. Ó ní, "Kí wọ́n máa wò ó." Ó tún ebè rẹ̀ ṣe, àwọn ènìyàn sì bẹ̀rẹ̀ sí í yà wá wò. Ọkùnrin kan tó ń ṣẹ́ owó ní Seme, tí ilé rẹ̀ kọjú sí tiwa, kò lè wò wá lójú láti ọjọ́ tí sójà ti wá. Ọkùnrin yìí ló wá tọrọ igi tòmátì kékeré. Mo wí nínú ara mi pé òun ló ta sójà lólobó. Bàbá mi ń ṣẹ́jú sí ìyá mi kó má fún un. Ìyá mi fún un, ó tún fi èèpo àgbọn kún un.

Nígbà tí ó lọ tán, bàbá mi ní, "O mọ ẹni tí o fún yẹn?"

"Mi ò mọ̀. Ẹ̀yin náà ò mọ̀. Bó bá jẹ́ òun ni, á jẹun. Bí kì í bá ṣe òun, á jẹun."

Títí di òní, a kò mọ̀.

Ayé ti yí. Ilé ló pọ̀ níbi tí igi àgbọn wà tẹ́lẹ̀. Ọmọbìnrin mi a máa ya àwòrán ẹ̀fọ́ tó gbìn sínú ike ọ̀dà, a fi ránṣẹ́ lórí fóònù sí àwọn tí kò rí rí, wọn a sì kí i pé ó káre. Kò sí ewu tó ń tẹ̀yìn rẹ̀ wá, inú mi sì dùn sí i. Èmi náà ń gbìn, iwájú ilé ni mo ti ń gbìn ín, mi ò ṣe odi kankan. Ṣùgbọ́n bí mo bá ń rì èèpo àgbọn, tí ọkọ̀ kan sì rọra ń bọ̀ lójú títì, mo máa ń gbé èèpo kan sókè kí ẹni tó wà nínú ọkọ̀ rí i dáadáa. Ìgbà tí ó bá kọjá tán ni mo tó ń bò ó.