Ohun Tí Páàdì Orígínà Gbà Lọ́wọ́ Wa

Ní ṣọ́ọ̀bù géèmù àbúrò ìyá mi ní Boundary, ẹni tó bá pàdánù ló ń sanwó. Ẹni tó borí á jókòó sórí bẹ́ǹṣì, á máa retí ẹni tí yóò tún nà. Òfin yìí rọrùn, kò sì sí ẹni tó ń bá a jà. Wàhálà wà nínú òfin kejì tó wà lábẹ́ rẹ̀: bí ẹni tó pàdánù bá lè fi hàn pé páàdì tó wà lọ́wọ́ òun kò dáa, ààbọ̀ owó ni yóò san.

Páàdì ni à ń pe ohun tí wọ́n ń mú lọ́wọ́ fi gbá bọ́ọ̀lù inú tẹlifíṣọ̀n. Ó ní ọ̀pá kúkúrú méjì tí àtàǹpàkò ń yí. Bí ọ̀pá yìí bá ti gbó, agbábọ́ọ̀lù á bẹ̀rẹ̀ sí í rìn fúnra rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan nǹkan. "Ó ń fà" ni wọ́n máa ń sọ. Èmi ni adájọ́. Mo ti parí yunifásítì, mi ò tíì ríṣẹ́, àǹtí mi sì gbà pé ẹni tó kàwé kò ní ṣègbè. Màá gba páàdì náà, màá gbé e kalẹ̀ sórí àga, gbogbo wa á wá tẹjú mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Bí agbábọ́ọ̀lù bá rìn, ààbọ̀. Bó bá dúró, gbogbo owó.

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo ìgbà ló máa ń rìn. Páàdì Ṣáínà la ń lò, èyí tí wọ́n ń tà lórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí àwọn oníkẹ̀kẹ́ ti ń pe èrò. Kì í pẹ́ tó fi ń fà. Bẹ́ẹ̀ ni owó tó yẹ kó wọlé pé ń wọlé ní ààbọ̀. Onílé sì ti sọ fún àǹtí mi, tẹ̀rín tẹ̀rín, pé àwọn onítẹ́tẹ́ ti ń bèèrè ṣọ́ọ̀bù náà, pé wọ́n ṣe tán láti san owó ọdún méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Bí owó ilé tó ń bọ̀ kò bá pé, kí àǹtí mi tètè kó tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ kúrò ńbẹ̀. Àǹtí mi kò sì ní iṣẹ́ míì.

Ẹni tó máa ń pàdánù jù lọ ni ọkùnrin kan tó ń wa mọ́tò fún ọ̀gá kan tó ń gbé ní GRA ní Àpápá. Ó ti lé ní ogójì ọdún. Bó bá ti gbé ọ̀gá rẹ̀ dé ọ́fíìsì ní Liverpool Road, á páàkì mọ́tò, á wọ kẹ̀kẹ́ wá bá wa, á sì máa gbá bọ́ọ̀lù títí fóònù rẹ̀ á fi dún. Ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ máa ń funfun ju ti gbogbo wa lọ. Kò mọ géèmù gbá. Mi ò sọ ọ́ pẹ̀lú ìkórìíra. Mo ti wò ó dáadáa, mo sì fi wé àwọn yòókù. Ohun tí ojú rẹ̀ bá rí máa ń pẹ́ kó tó dé ọwọ́ rẹ̀.

Òun kò gbà bẹ́ẹ̀.

"Orígínà la fi ń gbá a nílé ọ̀gá mi," ni ó máa ń wí. "Mo máa ń na àwọn ọmọ rẹ̀ bí ẹni na ẹní tó ní ìdun."

Ọmọkùnrin tó ń tún fóònù ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, tó jẹ́ pé òun ló mọ̀ ọ́n gbá jù ní ṣọ́ọ̀bù náà, kì í jẹ́ kó tẹnu bọlẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá wa pe àwọn ọmọ yẹn wá, ẹ jọ̀ọ́. Ẹni tí ẹ̀yin lè nà, ó yẹ ká rí ojú rẹ̀."

"Ìwọ ọmọ yìí, ọwọ́ mi ti mọ́ orígínà ni. Èyí tí ẹ̀ ń lò níbí dà bí ìgbà téèyàn ń wa mọ́tò tí táyà rẹ̀ ti jò."

"Ẹ̀gbọ́n, táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló jò yẹn o."

Kò sẹ́ni tó ń pè é ní ìwọ. Ọ̀wọ̀ ni wọ́n fi ń bọ́ aṣọ lára rẹ̀.

Dírẹ́bà náà ló kọ́kọ́ dá a lábàá. "Màdáámù, ẹ ra orígínà. Ẹ ò ní gbọ́ ẹjọ́ kankan mọ́. Èmi gan-an, bí mo bá pàdánù, gbogbo owó ni màá san."

Àǹtí mi yíjú sí mi. "Ìwọ tó kàwé, ṣé iye tí wọ́n ń pè é yẹn tọ́ sí i?"

Orígínà kan tó iye tí èèyàn fi lè ra Ṣáínà mẹ́fà. Mo tú àwọn Ṣáínà tó ti kú nílẹ̀ wa, mo yá orígínà kan tó ti kú lọ́wọ́ ọmọ tó ń tún fóònù ṣe, mo tú òun náà. Ti orígínà le dáadáa, rọ́bà abẹ́ bọ́tìnnì rẹ̀ nípọn, agbára bátìrì rẹ̀ sì tó iye tí wọ́n kọ sí i lára. Ṣùgbọ́n ọ̀pá kúkúrú yẹn, ibi tí gbogbo ẹjọ́ wa ti ń wá, ohun kan náà tó ń ha ara rẹ̀ ló wà nínú àwọn méjèèjì. Orígínà á pẹ́ ju Ṣáínà lọ. Mi ò rí ìdí láti gbà pé yóò pẹ́ tó mẹ́fà. Mo sọ fún àǹtí mi pé mi ò lè pe àwọn tó ń tà á lólè, ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú rẹ̀ kò tó iye tí wọ́n ń tà á.

"Ohun tó wà nínú rẹ̀ kọ́ ni mo fẹ́ rà," ni ó wí. "Mo fẹ́ pa wọ́n lẹ́nu mọ́ ni."

Ó kó àjọ. Ó pa dandan pé méjì la máa rà, nítorí bí orígínà bá ń bá Ṣáínà gbá, ẹjọ́ mìíràn nìyẹn. A lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan ní Àpápá tí ẹ̀rọ amúlétutù ti ń fẹ́ sí wa lórùn. Ọmọbìnrin tó ń tajà níbẹ̀ wo bàtà wa kó tó wo ojú wa.

"Ẹ má fọwọ́ kan páálí yẹn, mà, àfi bí ẹ bá fẹ́ rà á."

"Kí lo rò pé ó gbé mi wá?"

"Àwọn kan máa ń wá wò ó lásán ni, mà."

Àǹtí mi bi í léèrè iye tó máa gbà gan-an. Ó ní, "A kì í nájà níbí, mà. Boundary ni wọ́n ti ń nájà." A ò tíì sọ ibi tí a ti wá fún un.

Èmi bi í nípa ìwé pélébé tó wà nínú páálí, èyí tó ṣèlérí pé bó bá bàjẹ́ kí ọdún tó yí po, wọ́n á pààrọ̀ rẹ̀. Ó ní ìlérí náà wà fún àwọn tó rà á ní ìlú òyìnbó. Mo ní ṣé wọ́n ti yọ owó ìlérí náà kúrò nínú tiwa. Ó ní bí a ò bá ní rà á, ká yọ̀ọ̀da ibi tí a dúró sí. Àǹtí mi sanwó. Ọmọbìnrin náà kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó wá gbé ẹyọ kan nínú rẹ̀ sókè sí iná, ó ń wò ó bóyá ayédèrú ni.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, ṣọ́ọ̀bù kún dé ẹnu ọ̀nà. Dírẹ́bà ni àǹtí mi kọ́kọ́ gbé páàdì fún. "Ẹ̀yin lẹ ní ká rà á. Ẹ wá ṣí i fún wa." Ọkùnrin náà yọ aṣọ ìnujú, ó nu ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, ó sì jókòó kojú ọmọ tó ń tún fóònù ṣe.

Kí ìdajì àkọ́kọ́ tó parí, góòlù mẹ́rin ti wọlé rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ̀ ń dúró kí ó gbóná ni?" ẹnì kan bi í láti ẹ̀yìn.

"Ẹ gba tèmi," ni ọmọ tó ń tún fóònù ṣe wí, ó sì na páàdì ọwọ́ rẹ̀ sí i. "Bóyá tèmi ló mọ ọ̀nà GRA."

Wọ́n pààrọ̀. Góòlù mẹ́ta tún wọlé. Nígbà tó parí, dírẹ́bà náà kò gbójú sókè. Ó ní, jẹ́jẹ́, "Ó ń fà."

Mo gba páàdì náà, mo gbé e kalẹ̀ sórí àga. Agbábọ́ọ̀lù rẹ̀ dúró láàárín pápá, ó nàró ṣánṣán bí ọmọ iléèwé tó ń kọ orin orílẹ̀-èdè. A wò ó títí. Kò mira.

"Kò fà," ni mo wí.

Ká ní àǹtí mi gba owó rẹ̀ tó sì dákẹ́, bóyá ọ̀rọ̀ náà ìbá parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ti gbọ́ ẹjọ́ fún ìgbà pípẹ́.

"Páàdì ò fà, sà," ni ó wí. "Ọwọ́ yín ló ń fà. Ẹ lọ ra ọwọ́ orígínà."

Ẹ̀rín bẹ́ síta débi tí àwọn oníkẹ̀kẹ́ fi wá yọjú wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹnì kan ń sọ pé àwọn ọmọ ọ̀gá ti ṣàánú bàbá yìí púpọ̀, pé ó yẹ kí wọ́n lọ kí wọn. Dírẹ́bà náà yọ owó, ó fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ́ ẹ kó tó fi lélẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ló san. Láti ọjọ́ náà, kò wá mọ́.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, owó wọlé dáadáa. Lẹ́yìn náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dín. Mo kọ́kọ́ rò pé òjò ni, ṣùgbọ́n òjò dá. Mo rò pé iná tí wọ́n ń mú lọ ni, ṣùgbọ́n a ní jẹnẹrétọ̀. Mo wá lọ yọjú sí ṣọ́ọ̀bù géèmù tó wà nísàlẹ̀ àdúgbò, ibi tí gbogbo páàdì ti ń fà. Mo bá àwọn oníbàárà wa ńbẹ̀, wọ́n ń pariwo, wọ́n ń pàdánù, wọ́n ń bú páàdì, ara wọn sì yá gágá.

Ohun tí mo rí nìyí, mo sì gbé e yẹ̀ wò láti gbogbo ọ̀nà kí n tó gbà á. Ẹni tó ń borí kì í sanwó. Ọmọ tó ń tún fóònù ṣe ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì wa láti ìgbà tí a ti ṣí, mi ò rántí ìgbà tó sanwó kẹ́yìn. Àwọn tí kò mọ̀ ọ́n gbá ló ń bọ́ wa, dírẹ́bà yẹn sì ni olórí wọn. Kí páàdì orígínà tó dé, ọkùnrin tí páàdì kò jẹ́ kó borí ni. Lẹ́yìn tó dé, ọkùnrin tí kò mọ géèmù gbá ni. Àǹtí mi ti fi owó àjọ ra ohun tó sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀ níwájú gbogbo èèyàn.

Mo sọ ọ́ fún un. Kò bá mi jiyàn. "Lọ bá mi wá a rí," ni ó wí.

Mo bá a ní Liverpool Road, láàárín àwọn tírélà, ó fara ti mọ́tò ọ̀gá rẹ̀.

"Ṣé wọ́n ní kí o wá bẹ̀ mí ni?"

"Rárá, sà. Mo kàn ń kọjá ni."

"O ò mọ irọ́ pa. Ó dáa bẹ́ẹ̀." Ó nu ara mọ́tò níbi tí kò dọ̀tí. "Àwọn ọmọ ọ̀gá mi ti lọ sókè òkun. Ó ti pẹ́. Wọ́n kó géèmù wọn lọ."

"Ṣùgbọ́n ẹ máa ń bá wọn gbá a kí wọ́n tó lọ?"

"Mo máa ń bá wọn gbé páálí rẹ̀ wọlé látinú bùútù."

Mo jíṣẹ́ fún àǹtí mi bí mo ṣe gbọ́ ọ. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Nígbà tó ṣe tán, ó bi mí bóyá ọkùnrin náà sọ ìgbà tó máa wá.

Ó wá ní ọ̀sán Sátidé. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tó fẹ́ bèèrè ọ̀nà. Ọmọ tó ń tún fóònù ṣe ti rí i.

"Ẹ̀gbọ́n wa ti dé. Ẹ gbé orígínà fún wọn."

Àwọn yòókù gbà á lẹ́nu rẹ̀. Orígínà, orígínà, wọ́n ń fi ọwọ́ lu bẹ́ǹṣì. Àǹtí mi jókòó lé àpótí tó ń kó páàdì sí. Kò dìde.

"Orígínà ti bàjẹ́," ni ó wí.

"Méjèèjì?"

"Méjèèjì."

"Àná la fi gbá, Àǹtí."

"Ìwọ lo bà á jẹ́."

"Ẹ gbé e wá kí n tún un ṣe. Ọ̀fẹ́ ni."

"Ọ̀fẹ́ ni gbogbo nǹkan rẹ," ni àǹtí mi wí. "Ìjókòó rẹ níbí, ọ̀fẹ́. Atẹ́gùn fáànù mi, ọ̀fẹ́. Bí o bá tún sọ̀rọ̀, bẹ̀rẹ̀ láti òní, ẹni tó borí ni yóò máa sanwó."

Ó yọ Ṣáínà méjì jáde. Kò sí ẹni tó gbà á gbọ́ nínú wọn. Èmi náà rí ohun tó ṣe fún ara rẹ̀: lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yẹn, kò lè gbé orígínà jáde ní ṣọ́ọ̀bù yìí mọ́, kò sì sí ẹni tó máa rà á ní Boundary. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo rọra sọ ọ́ sí i létí. Ó ní kí n ṣe iṣẹ́ tí òun gbé fún mi.

Wọ́n gbá a. Góòlù márùn-ún sí òdo. Dírẹ́bà náà gbé páàdì rẹ̀ sókè, ojú rẹ̀ kò kúrò lára mi.

"Ó ń fà."

Mo gbé e kalẹ̀ sórí àga. Agbábọ́ọ̀lù rẹ̀ yí padà, ó rìn jáde kúrò nínú pápá.

"Ó ń fà," ni mo wí. "Ààbọ̀."

"Mo sọ fún yín," ni dírẹ́bà náà wí.

"Páàdì ni, Ẹ̀gbọ́n," ni ọmọ tó ń tún fóònù ṣe wí, ó sì fọwọ́ gbá a léjìká pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń gba aláìsàn níyànjú. "Páàdì náà ni. Ta ló ní ọwọ́ yín ni?"

Gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn. Àǹtí mi na ọwọ́ kọjá lórí wọn, ó ń dúró de owó rẹ̀.