Gbòǹgbò Inú Àmù

Mo rántí ìgbà tí gbogbo omi mímu àdúgbò wa ní Abidjan ń ta sánsán. Bí ènìyàn bá wọ ilé ẹnikẹ́ni nígbà náà, wọ́n á bu omi àmù fún un nínú ife tánganran, òórùn dídùn kan á sì ti kan imú rẹ̀ kí omi tó kan ètè. Àwọn àlejò tó ń ti Abobo wá kí wa á mu ún tán, wọ́n á tún tọrọ. Èmi náà mu ún. Títí di òní olónìí, bí mo bá gbóòórùn rẹ̀ lọ́jà, ńṣe ni mo máa ń yà gba ọ̀nà mìíràn, inú a sì máa bí mi bíi pé àná ni.

Ẹ̀gbẹ́ òkè ni a ń gbé ní Attécoubé, níbi tí ilẹ̀ ti ṣe gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lọ sí etí ọ̀sà. Àwọn bàbá wa tó ti Ṣakí, Ìgbòho àti Ìsẹ́yìn wá kò rí ilẹ̀ tó tẹ́jú gbà, ni wọ́n bá kọ́lé síbi tí ẹlòmíràn kò fẹ́. Ìyá mi, ọmọ Ìgbòho tó ń ta ọṣẹ àti ìpara lọ́jà Adjamé, ní yàrá méjì nísàlẹ̀ pátápátá. Ilé tó kángun sí tiwa ni ti bíríkìlà ọmọ Ṣakí kan àti ìyàwó rẹ̀. Lẹ́yìn ilé méjèèjì yìí, òkè náà dúró gbagidi, ó pupa fòò, kò sí nǹkan kan lára rẹ̀ ju pàǹtí àti ọ̀rá lọ. Lọ́dọọdún, bí òjò ńlá bá ti kù dẹ̀dẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba á wá fi ọ̀dà pupa fa àgbélébùú sára ògiri wa, pé kí á kó kúrò. Wọn kì í sọ ibi tí a ó kó lọ. Lọ́dún kan, erùpẹ̀ ya wálẹ̀, ó bo ilé ìdáná ìyá mi mọ́lẹ̀ pẹ̀lú ìkòkò ọbẹ̀ lórí iná. Ọpẹ́lọpẹ́ pé ó ti jáde lọ ra iyọ̀. Láti ọjọ́ náà ni oorun òjò ti bọ́ lójú mi. Mo mọ̀ pé bí òkè yẹn bá tún ya, ilé wa àti ti bíríkìlà ni yóò kọ́kọ́ bá.

Ìyàwó bíríkìlà yìí ni ọ̀rẹ́ mi. Ṣakí ni ọkọ rẹ̀ ti lọ gbé e wá. Kò gbọ́ Faransé, kò gbọ́ Júlà tí wọ́n ń sọ lọ́jà, èmi tí wọ́n sì bí sí Abidjan ń sọ Yorùbá bí ẹni tí iṣu gbígbóná wà lẹ́nu rẹ̀. Ó ń kọ́ mi ní Yorùbá, mo ń kọ́ ọ ní Faransé, ó sì ń fi mí ṣe ẹlẹ́yà ju bí mo ti ń fi í ṣe lọ. Ó ní gbogbo ará Òkè Ògùn tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ òkè yẹn, àtọkùnrin àtobìnrin, títí kan èmi obìnrin, ọkọ òun ni wọ́n, òun kò sì gbọdọ̀ pe ọkọ lórúkọ. Akọ̀wé ló sọ mí. Bó bá rí mi tí mo ń bọ̀ láti ìsàlẹ̀ tòun ti àpò ìwé, á kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀, á ní, "Akọ̀wé mi, ẹ kú àbọ̀, ṣé wọ́n ti fi yín jẹ minísítà?" Ojú á tì mí, inú mi á sì dùn.

Ẹ̀kọ́ nípa ewéko ni mò ń kọ́ ní yunifásítì. Ogun ti pín orílẹ̀-èdè náà sí méjì, a máa ń kẹ́kọ̀ọ́ fún oṣù kan, a ó sì fi oṣù méjì jókòó sílé. Nínú ìjókòó yẹn ni àwa akẹ́kọ̀ọ́ mélòó kan dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ láti tún àyíká ìlú ṣe. A ti rán ṣẹ́ẹ̀tì ẹgbẹ́ tán kí a tó gbin ewé kan ṣoṣo. Olùkọ́ wa kan ló fi koríko tí wọ́n ń pè ní vétiver hàn wá. Ó ń ga bí eèsún, àmọ́ gbòǹgbò rẹ̀ ni iṣẹ́ wà: tààrà ló ń lọ sísàlẹ̀, ó ń jìn ju ìdúró ènìyàn lọ, bẹ́ẹ̀ ló ń di ilẹ̀ mú ṣinṣin. Bí mo ti gbọ́ èyí, mi ò gbọ́ ìyókù ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà mọ́. Mo ti rí oògùn òkè wa.

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi fi gbaka, bọ́ọ̀sì akérò kékeré, kó koríko náà wá nínú àpò ìrẹsì. Àwọn ọkùnrin àdúgbò gbẹ́ òkè sí ìpele ìpele, bíríkìlà sì ń fi okùn rẹ̀ wọ̀n ọ́n kí ó lè gún. Àwọn ìyá wa ń kó èérún ẹ̀fọ́ àti èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ wá láti ọjà, a jẹ́ kí ó jẹrà di ajílẹ̀, a sì fi gbin tẹ̀tẹ̀, ilá àti ata sáàárín àwọn ìlà koríko. Ìyàwó bíríkìlà ló sọ ara rẹ̀ di ọ̀gá ọgbà. Bí ọmọdé bá gun òkè, ẹ ó gbọ́ ohùn rẹ̀: "Descendez! Ẹ sọ̀ kalẹ̀ kíákíá!" Nínú Faransé tí mo kọ́ ọ, èyí ló kọ́kọ́ mọ́ ọn lẹ́nu. Òjò ọdún kan rọ̀, ti ọdún kejì rọ̀, erùpẹ̀ kò ya. Àwọn ọlọ́dà pupa dé, wọ́n wo òkè tó ti di tútù yọ̀yọ̀, ọ̀kan nínú wọn tilẹ̀ ya fọ́tò. Mo sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ níwájú àwọn olùkọ́ wa, ẹ ó rò pé èmi ni mo dá koríko.

Obìnrin Júlà kan tó ń ta egbòogi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá mi lọ́jà ló bá a wá sílé lọ́jọ́ kan. Ó rí koríko náà, ó bẹ̀rẹ̀, ó fa ìdì kékeré kan tu, ó gbé gbòǹgbò rẹ̀ sí imú, ló bá kígbe, "Hé, Àláà! Gongodili!" Ó ní ohun tí àwọn ń rà láti ọ̀nà jíjìn ni àwa ní lẹ́yìn ilé yìí. Lọ́dọ̀ tiwọn, wọ́n máa ń fọ gbòǹgbò náà, wọ́n á dì í bí òṣùṣù ọwọ̀ kékeré, wọ́n á jù ú sínú àmù, pàápàá nígbà ààwẹ̀, kí omi lè ta sánsán kí ó sì tutù lọ́nà ọ̀fun. Obìnrin náà kò gbèrò ibi. Ẹnikẹ́ni kò gbèrò ibi, ohun tó mú ọ̀rọ̀ náà korò lẹ́nu mi nìyẹn.

Ààwẹ̀ ọdún yẹn ni mo dé láti yunifásítì ní àkókò ìṣínu. Ìyá mi bu omi fún mi, mo gbé e mu, mo tún na ife sí i.

"Màmá, kí lẹ fi sínú omi yìí? Ó mà dùn o."

"Koríko yín náà ni," ni ìyá mi wí, inú rẹ̀ ń dùn. "Gbòǹgbò ẹ̀ ni. Ẹ ò tiẹ̀ sọ fún wa pé ó wúlò tó báyìí."

Mo gbé ife náà sílẹ̀. "Màmá! Gbòǹgbò yẹn ló di òkè mú!"

"Ìdì kan péré ni mo wú, c'est tout. Kì í sì í ṣe ẹ̀yìn ilé tiwa, ọ̀hún lọ́hùn-ún ni." Ó rí ojú mi, ó rẹ́rìn-ín. "Jẹun jàre. Omi téèyàn máa mu kò ní ṣàn kọjá ẹ̀."

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo gun òkè. Àwọn ìlà koríko wa ti rí bí ẹnu àgbàlagbà tí eyín ń ká. Níbi tí wọ́n bá ti wú ìdì kan, ihò ló kù, omi òjò á sì máa gba ibẹ̀ wọlé. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Mo lọ láti ojúlé dé ojúlé. Ìdì kan péré ni olúkúlùkù wú. Alága àdúgbò pe ìpàdé, ó ní ẹni tó bá tún fọwọ́ kan koríko náà yóò rí pípọ́n ojú òun, gbogbo wa pàtẹ́wọ́. Lẹ́yìn náà ni ìyàwó rẹ̀ gbé omi wá fún wa, omi náà sì ń ta sánsán. Wọ́n gbà mí gbọ́ o, ìyẹn ni mi ò lè gbàgbé. Gbogbo wọn ló gbà pé wíwú koríko náà léwu, bí ẹlòmíràn bá wú u.

Mo tún àwọn ọmọ koríko gbìn sínú ihò wọ̀nyẹn, ṣùgbọ́n ọ̀gbẹlẹ̀ dé. Ìyàwó bíríkìlà ń bá mi ru omi gòkè títí oyún fi dé sí i. Oyún náà ṣe é gan-an. Ohun gbogbo ló ń bì, àní omi lásán kì í dúró ní inú rẹ̀, ó sì gbẹ dépò pé ìyá mi ń bẹ̀rù. Nígbà tó wọ oṣù kẹrin tàbí ìkarùn-ún, ó bẹ̀rẹ̀ sí í mumi, ojú rẹ̀ padà tutù, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ó ní tí òun bá bí ọmọ náà, èmi ni màá kọ́ ọ ní Faransé, òun á kọ́ ọ ní Yorùbá, kí ó má baà máa sọ èdè wèrè tí Akọ̀wé ń sọ.

Ọ̀pọ̀ òjò ló ti rọ̀ tí ilẹ̀ ti fi mu. Èyí tó rọ̀ lọ́dún yẹn, ilẹ̀ kò mu ún. Ó rọ̀ tọ̀sán tòru fún ọjọ́ mélòó kan, ó sì dá díẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ìyá mi bá sáré lọ sọ́jà, bíríkìlà lọ síbi iṣẹ́. Ìyàwó rẹ̀ kírun ọ̀sán tán, ó ní kí òun na ẹ̀yìn. Yunifásítì ni mo wà nígbà tí fóònù mi dún, ohùn ìyá mi ni, ó ń sunkún. Nígbà tí mo dé, ògiri kan ti wó lára ilé wa. Ilé bíríkìlà kò sí mọ́. Àwọn ènìyàn ń fi ọwọ́, abọ́ àti ìkòkò kó ẹrẹ̀, bíríkìlà wà láàárín wọn pẹ̀lú ṣọ́bìrì rẹ̀, kò wo ojú ẹnikẹ́ni. Kí wọ́n tó pe ìrun Alásàrí ni wọ́n gbé òkú ìyàwó rẹ̀ jáde, tòun ti oyún inú rẹ̀. Ẹrẹ̀ náà ń ta sánsán. Gbogbo ibẹ̀ ń ta sánsán.

Ní ọjọ́ kẹjọ, a péjọ fún àdúrà. Ààfáà sọ pé kádàrá ni, ọjọ́ tí Ọlọ́run dá kì í yẹ̀, gbogbo ènìyàn ṣe àmín. Wọ́n ń sọ ọ́ láti ẹnu dé ẹnu pé, "Yako, ẹ kú ìrọ́jú, kádàrá ni," mo sì ń wo ara wọn bó ṣe ń rọ̀ wọ́n bí wọ́n ti ń sọ ọ́. Mo dìde láàárín àwọn obìnrin. Ìyá mi fa ìró mi, mo gba ìró mi lọ́wọ́ rẹ̀.

"Kì í ṣe kádàrá," ni mo wí. "Ẹ má purọ́ mọ́ Ọlọ́run. A gbin ohun tó lè gbà á là, a fi ọwọ́ ara wa wú u, a fi mumi. Ọwọ́ wa ló pa á."

Ariwo sọ. Ẹnìkan ní ìwé ti dà mí lórí rú. Òmíràn ní ta ni yóò fẹ́ obìnrin tó ń la ẹnu báyìí láàárín àgbà. Bíríkìlà ló gbé ọwọ́ sókè.

"Ẹ fi í sílẹ̀. Òótọ́ ló sọ." Kò pariwo. "Àbúrò mi, èmi ni mo wú èyí tó wà lẹ́yìn ilé mi. Gbogbo rẹ̀, díẹ̀díẹ̀. Kò sí omi tó ń dúró níkùn ìyàwó mi àfi èyí tí mo bá fi gbòǹgbò náà sí. Mo sọ fún un pé Adjamé ni mo ti rà á. Ó ní kí n má jẹ́ kí o mọ̀ pé òun ń mu ún, kí inú rẹ má baà bàjẹ́." Ó wò mí, àfi bíi pé ó fẹ́ kí n ṣe ìṣirò kan fún òun. "Kí ni kí n ti ṣe, ma sœur? Kí n máa wò ó?"

Mo jókòó. Ààfáà bẹ̀rẹ̀ àdúrà padà níbi tó ti dúró.

Ó ti pẹ́. Mo kó ìyá mi kúrò níbẹ̀ lọ sí Abobo, ó sì di arúgbó lọ́wọ́ mi láìjẹ́ pé a sọ ọ̀rọ̀ náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Wọ́n ti tún ilé kọ́ sí ojú ibẹ̀, àwọn mìíràn tí kò rí ilẹ̀ tó tẹ́jú ti ń gbé inú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi wá ẹni tí n ó kórìíra. Wọ́n ní ìka tó bá ṣẹ̀ lọba ń gé. Níbi tí gbogbo ìka ti ṣẹ̀, tí ìka tó ṣẹ̀ jù sì jẹ́ ti ẹni tó fẹ́ràn olóògbé jù, ọ̀bẹ a máa wà lọ́wọ́ ẹni, kò ní rí ohun tí yóò gé. Mo ṣì ń bínú. Àwọn kan ní ìbínú máa ń rọ̀ bí ọjọ́ bá ti ń lọ, tèmi kò tíì rọ̀.

Koríko náà ni mo fi ń jẹun. Iléeṣẹ́ tí mo ń bá ṣiṣẹ́ máa ń gba iṣẹ́ gbígbìn ín sí bèbè òpópónà kí ilẹ̀ má baà ya. Lọ́jọ́ kan, lọ́nà Port-Bouët, mo ń darí àwọn òṣìṣẹ́ tó ń gbìn ín nígbà tí ọkùnrin kan sọ̀ kalẹ̀ nínú wôrô-wôrô, takisí akérò, ó rìn wá bá mi. Bíríkìlà ni. Irun rẹ̀ ti funfun. A kí ara wa dáadáa, ó béèrè ìyá mi.

"Ṣé òun náà nìyí?" ló wí, ó ń wo koríko.

"Òun ni."

Ó wo ìsàlẹ̀ bèbè náà. "Ta ló ń gbé ìsàlẹ̀ ibẹ̀ yẹn?"

"Kò sí ẹnikẹ́ni."

Ó mi orí. "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Yóò hù dáadáa," ló wí, ó sì bá ọ̀nà rẹ̀ lọ.

Ó hù dáadáa lóòótọ́. Ẹnikẹ́ni kò tíì wú ìdì kan nínú rẹ̀.