Sítíárìn Ọwọ́ Ọ̀tún

Nígbà tí mo wà ní kékeré, ní Kétu ìgbà tí oko ẹ̀gẹ́ ṣì pọ̀ ju ilé lọ, mọ́tò kan wà tí mo kórìíra ju bí mo ṣe kórìíra èèyàn kankan lọ. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ pé ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí fẹ́ràn láti máa wo mọ́tò àtijọ́ nínú fóònù, kí ẹ máa kan sáárá sí i bí ẹni pé òun ló bí yín. Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi náà fún yín. Ìbínú yìí ti pẹ́ nínú mi tó ohun tó yẹ kí n sọ síta.

Akọ̀wé ìjọba ni bàbá mi. Òyìnbó kan tó ń padà sí ìlú rẹ̀ ló fi mọ́tò náà sílẹ̀ fún un lábẹ́ igi máńgòrò kan ní Ìkẹjà, níbi tí eku ti bímọ sínú ìjókòó rẹ̀. Okùn ni wọ́n fi so ó mọ́ ìdí lọ́rì, tí wọ́n fi wọ́ ọ dé àgbàlá wa. Mọ́tò spọ́ọ̀tì ni. Kò ní òrùlé ju aṣọ dúdú kan tí wọ́n ń fà bò ó bí òjò bá ṣú. Ìjókòó méjì péré ló ní, àwa ọmọ mẹ́rin la sì wà nílé, ìyá wa ṣìkarùn-ún. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀ wò.

Ọdún mẹ́ta gbáko ni bàbá mi fi tún un ṣe. Jíà rẹ̀ wà lórí tábìlì tí a fi ń jẹun, ilẹ̀ la sì ń jókòó sí jẹun ní gbogbo ìgbà náà. Bí ìdérí kékeré kan bá sọnù lára rẹ̀, bàbá mi á kọ lẹ́tà sí ìlú òyìnbó, á sì dúró fún oṣù mẹ́fà kí ọkọ̀ ojú omi tó gbé òmíràn dé, bẹ́ẹ̀ ni irú rẹ̀ wà nígboro lọ́wọ́ àwọn tó ń ta irin. Mẹkáníìkì kan wà ní Ìkòsí tó ń bá a ṣiṣẹ́ náà. Òun nìkan ni n kò kórìíra nínú gbogbo àwọn tó ń yí mọ́tò náà ká. Ọwọ́ rẹ̀ mọ ẹ́ńjìn, ó sì lè fi òòlù lu irin tó ti rún títí yóò fi tẹ́jú láìfi nǹkan kan dí i.

N kò ní purọ́, mọ́tò náà rẹwà nígbà tó parí. Wọ́n kùn ún ní ọ̀dà tútù bí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ bàbá mi mẹ́ta, tí wọ́n ní irú mọ́tò àtijọ́ bẹ́ẹ̀ nílé tiwọn, á wá ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú láti wá wò ó. Wọn á ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, wọn á dijú, wọn á máa gbọ́ bí ẹ́ńjìn ṣe ń dún. Ọ̀kan á fi ìka tọ ara rẹ̀ láti ibi iná iwájú títí dé ìdí, á sì mí kanlẹ̀. N kò rí i kí ẹnikẹ́ni nínú wọn fọwọ́ kan orí ọmọ bẹ́ẹ̀ rí. Oúnjẹ tí ìyá mi sè fún wọn á ti tutù kí wọ́n tó rántí pé àwọn ní ẹnu. Òfin kan ṣoṣo ni wọ́n ní: kí ohun gbogbo wà bó ṣe wà lọ́jọ́ tó kúrò nílé iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe é. Ojúlówó ni wọ́n ń pè é. Ọ̀rọ̀ yẹn sú mi kí n tó mọ ìtumọ̀ rẹ̀.

Láyé ìgbà náà, apá òsì la ń gbà lójú títì, bíi tàwọn òyìnbó tó kọ́ wa. Nígbà tó di àárọ̀ ọjọ́ kan, ìjọba ní kí gbogbo mọ́tò bọ́ sí ọ̀tún. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbé mọ́tò wọn lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì kí wọ́n bá wọn gbé sítíárìn láti ọ̀tún lọ sí òsì. Mẹkáníìkì Ìkòsí fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá bá bàbá mi. Ó ní ihò tí wọ́n ń ti sítíárìn bọ̀ wà ní apá méjèèjì mọ́tò náà láti ìlú òyìnbó, pé iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́rin péré ni. Bàbá mi ní kó dúró ná, kí òun bi àwọn ọ̀rẹ́ òun. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn ló dáhùn.

“Ẹni tó bá gbé sítíárìn yẹn kúrò níbi tó wà,” ó ní, “òkú mọ́tò ló kù sí i lọ́wọ́.”

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà parí sí. Ẹ jẹ́ kí n là á yé ẹ̀yin tí ẹ ò wọ irú rẹ̀ rí. Bí mọ́tò bá ń gba ọ̀tún, tí awakọ̀ rẹ̀ náà sì jókòó sí ọ̀tún, koríko etí títì ló ń rí. Bí lọ́rì bá wà níwájú, tó sì fẹ́ kọjá lára rẹ̀, kò lè rí ohun tó ń bọ̀ lápá kejì, àfi bó bá ti kó gbogbo ara mọ́tò síta. Ọ̀nà Ìkòròdú la sì ń sọ yìí, nígbà tí kò tíì sí ọ̀nà tuntun tó lọ sí Ìbàdàn. Gbogbo lọ́rì alùbọ́sà àti màlúù tó ń bọ̀ láti Òkè Ọya, ibẹ̀ ni wọ́n ń gbà, lílọ bíbọ̀, lórí títì tóóró kan. Nítorí náà, ẹni tó bá jókòó sí òsì ni yóò máa bá awakọ̀ wo ọ̀nà.

Ìyá mi ló kọ́kọ́ jókòó síbẹ̀. Aránṣọ ni ìyá mi, ojú rẹ̀ mọ́ abẹ́rẹ́ ju títì lọ. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó pẹ́ díẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀, táńkà kan sì kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn tó jẹ́ pé atẹ́gùn rẹ̀ ṣí gèlè kúrò lórí ìyá mi. Nígbà tí wọ́n délé, kò tíì wọlé tó fi sọ̀rọ̀.

“Bàbá àwọn ọmọ, ẹ gbé sítíárìn yẹn sí òsì, tàbí kí ẹ máa dá wà á. Èmi ò wọ̀ ọ́ mọ́.”

Bàbá mi ní òun ti gbọ́. Nígbà tó di Sátidé kejì, èmi ló pè. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí, èmi sì ni àkọ́bí. Ìyá mi bínú títí tí ohùn rẹ̀ fi há, ṣùgbọ́n láyé ìgbà yẹn, ohun tí bàbá bá ti sọ, abẹ gé e.

Iṣẹ́ mi kò ju ọ̀rọ̀ méjì lọ. Bàbá mi á béèrè pé, “Ṣé ó dá?” Bí n kò bá rí nǹkan kan lọ́ọ̀ọ́kán, mo gbọ́dọ̀ ní ó dá. Bí mo bá rí nǹkan, mo gbọ́dọ̀ ní kò dá. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ mí ní Ojú Òsì, wọ́n sì ń fi súìtì tù mí lójú. Mo ń gba súìtì náà, mo sì ń kórìíra wọn. Mo sọ fún bàbá mi nígbà kan pé ẹ̀rù ń bà mí. Ó ní kí n má bẹ̀rù, pé ojú mi mú ju ti ìyá mi lọ.

Ní Sátidé kan, wọ́n fẹ́ lọ sí Ìkòròdú. Ọkùnrin kan tó ní irú mọ́tò wọn fẹ́ ti Ìbàdàn wá bá wọn níbẹ̀, kó sọ èyí tó jẹ́ ojúlówó jù nínú mọ́tò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Gbogbo ọ̀sẹ̀ náà ni bàbá mi fi nu tirẹ̀. A kọjá Mile 12, tí kò tíì di ọjà tí ẹ mọ̀ lónìí, a sì kù díẹ̀ ká dé Owódé nígbà tí lọ́rì agégi kan há sí wa níwájú. Àwọn ọ̀rẹ́ bàbá mi ti kọjá lára rẹ̀ ní tiwọn, wọ́n ti lọ. Èéfín lọ́rì náà bo ojú mi, igi tó kó sì yọ síta lápá méjèèjì.

Bàbá mi bi mí bóyá ó dá. Mo ní kò dá. Ó tún bi mí. Mo ní n kò ríran. Ó ní ṣebí mo ní ojú, àwọn èèyàn ti ń dúró de òun, ṣé ó dá àbí kò dá? Ohùn rẹ̀ ti le. Èéfín ṣì wà lójú mi. Mo ní ó dá.

Kò dá. A ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ sí òsì ni, bọ́ọ̀sì kan sì ń bọ̀ tààrà. Bàbá mi já sítíárìn padà sí ọ̀tún, mọ́tò náà ré kọjá etí títì, ó sì lọ forí sọ òkìtì amọ̀ tí wọ́n kó síbẹ̀. Kò sí òrùlé, kò sí okùn ìjókòó. Mọ́tò náà jù mí síta, mo fi apá òsì balẹ̀, ó sì kán.

Wọ́n ní bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Mo ń sunkún lọ́jọ́ náà, mo sì rí wọn dáadáa. Bàbá mi sọ̀kalẹ̀, ó lọ síwájú mọ́tò, ó kúnlẹ̀, ó fọwọ́ sí fẹ́ńdà tó ti rún. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́ta ti yí padà nígbà tí wọn kò rí i lẹ́yìn wọn, àwọn náà sì dúró yí fẹ́ńdà náà ká. Mo gbọ́ tí ọ̀kan ní kí wọ́n dúpẹ́, pé kò kan ẹ́ńjìn. Awakọ̀ lọ́rì agégi ló dúró, tó sáré padà wá gbé mi nílẹ̀. N kò mọ̀ ọ́n rí, n kò sì tún rí i mọ́ láyé mi. Ó gbé mi dání, ó yíjú sí wọn.

“Ẹ̀yin àgbà mẹ́rin,” ó ní, “ọmọ yín ló wà nílẹ̀ o.”

Àwọn tó ń to egungun ní Kétu ni wọ́n gbé mi lọ bá. Wọ́n sa ipá wọn. Gbogbo ẹni tó wá kí wa, bàbá mi ń sọ ohun kan náà fún wọn: “Ó sọ pé ó dá.” Kò fi igbe sọ ọ́. Òótọ́ sì ni, mo sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tó yọ sílẹ̀ nínú ìtàn náà ni pé mo ti kọ́kọ́ ní kò dá, mo sì tún ní n kò ríran. Àwọn aládùúgbò á wò mí, wọn á ní pẹ̀lẹ́, wọn á sì ní kí n máa la ojú mi dáadáa nígbà mìíràn. Mo gba ẹ̀bi náà. Kí ni ọmọ ọdún mẹ́wàá fẹ́ ṣe sí i?

Kí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó pé, mẹkáníìkì Ìkòsí ti lu fẹ́ńdà náà padà sípò, wọ́n sì ti kùn ún. Àwọn ọ̀rẹ́ bàbá mi dé, wọ́n wò ó lókè, wọ́n wò ó nílẹ̀, wọn kò rí àpá kan. Àgbà inú wọn rẹ́rìn-ín, ó ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Mo wà lórí pèpéle iwájú ilé, pákó tí wọ́n fi di apá mi ṣì wà lára rẹ̀.

Ìyá mi kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó dúró títí tí ìjọba fi rán bàbá mi lọ sí Ìlọrin fún ọ̀sẹ̀ kan, ó wá gba Ìkòsí lọ. Mẹkáníìkì náà kò jẹ́ kó bẹ òun. Ó ní mọ́tò tó fẹ́ pa ọmọ, kí la tún ń tọ́jú ojúlówó rẹ̀ sí? Ó dé láàárọ̀ ọjọ́ kejì pẹ̀lú irinṣẹ́ rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rin tó wí náà ló lò. Sítíárìn bọ́ sí òsì, mẹkáníìkì náà sì fi irin dí ojú ibi tó ti kúrò, ó kùn ún, ó dán. Ìyá mi jókòó síbẹ̀, ó di sítíárìn mú, ó wo iwájú. Ó ní ẹni tó bá wà níbẹ̀ á rí ọ̀nà.

Bàbá mi ti Ìlọrin dé. Ó dúró ti mọ́tò náà, kò gbé báàgì rẹ̀ sílẹ̀. Inú mi ń dùn, mo rò pé inú tirẹ̀ náà á dùn pé ó lè ríran fúnra rẹ̀ báyìí. Ó yí padà, ó wọlé. Lọ́jọ́ Àìkú, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ dé, wọ́n dúró bí ẹni tó wá kí olóòkú. Àgbà inú wọn pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé, ó ní ó ti tán. Wọn kò padà wá mọ́.

Bàbá mi kò wa mọ́tò náà mọ́ títí tó fi kú. Ó tì í sẹ́yìn ilé, ó fa aṣọ dúdú bò ó, òjò àti ewúrẹ́ jẹ aṣọ náà tán, ìpata sì jẹ èyí tó kù. Ọdún kan gbáko ni kò fi jẹ oúnjẹ ìyá mi. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: ohun tó dùn mí jù kì í ṣe pé mo ṣubú. Bàbá mi ti ní mọ́tò tó lè dá wà láìsí ọmọ ẹnikẹ́ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì ní òun kò fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Títí ọjọ́ ikú rẹ̀, bí ọ̀rọ̀ náà bá jáde, ohun tó ń sọ ni pé mo sọ pé ó dá.

Ayé ti yí padà. Kò sí ẹ̀gẹ́ ní Kétu mọ́, títì ti fẹ̀, wọ́n ti pín in sí méjì, lílọ lọ́tọ̀, bíbọ̀ lọ́tọ̀. Bí ọmọ bá ní ẹ̀rù ń ba òun lóde òní, wọ́n á kọ́kọ́ bi í pé kí ló dé. Èyí ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ọ̀làjú yín. Àwọn ọmọ tí mo bí kò mọ ohun tó ṣe apá mi tí kò fi lè nà tán. Mo máa ń sọ fún wọn pé mo jábọ́ lórí igi ni.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ mi ọkùnrin gbé fóònù wá. Òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti rí mọ́tò spọ́ọ̀tì àtijọ́ kan, wọ́n fẹ́ dáwó rà á, kí wọ́n tún un ṣe. Ó ní, “Mummy, ẹ wò ó. Sítíárìn ẹ̀ ṣì wà ní ọ̀tún. Orijínà ni, a ò ní fọwọ́ kàn án.”

Mo bi í pé ta ni yóò máa jókòó sí òsì. Ó rẹ́rìn-ín, ó fi ẹnu júwe ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, tó ń ṣeré lẹ́nu ọ̀nà.

Mo ká apá òsì bùbá mi sókè dé èjìká, kí apá mi tí kò nà tán lè hàn, mo ní kó ya àwòrán èyí náà mọ́ ti mọ́tò rẹ̀.