Ìjókòó Pupa

Bí alùpùpù ńlá bá ti sáré kọjá ní Tafo tí mò ń gbé báyìí, tí òórùn epo rẹ̀ gba ojú fèrèsé wọlé, ìjókòó pupa kan ló máa ń sọ sí mi lọ́kàn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan nígbà tí mo wà lọ́mọdé, bàbá mi mú mi lọ sọ́dọ̀ fíta rẹ̀, mẹkáníìkì tó ń tún alùpùpù rẹ̀ ṣe, ní Suame Magazine. Wọ́n ti pààrọ̀ sàlẹ́ńsà alùpùpù rẹ̀, ó ń bú ramúramù. Bàbá gbé ìjókòó alùpùpù méjì síwájú mi, pupa àti búlúù.

"Yan èyí tó wù ọ́."

Mo gbá pupa mú. "Èyí, Bàbá! Ɛyɛ fɛ paa! Ó mà rẹwà o!"

Orí táǹkì epo gbígbóná, níwájú bàbá, ni mo jókòó sí títí a fi dé ilé wa ní Sawaba. Màmá mi jáde, ọṣẹ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, a ó gba ọ̀nà orí òkè lọ wo adágún Bosomtwe," ni bàbá wí.

Màmá fọwọ́ kan ẹ̀yìn alùpùpù, níbi tó máa ń jókòó sí. Ike ṣóńṣó ló bá níbẹ̀, kò sí àyè ìjókòó mọ́.

"Bàbá Síkírá, ta ni ẹ ń pè ní 'a'?"

Bàbá ń nu ọwọ́ tí kò dọ̀tí. Kò wo ojú rẹ̀. "Ọmọ rẹ ló yàn án."

"Èmi ni o, Màámi!" Mo ń fò sókè. "Èmi ni mo yàn án!"

Ó rẹ́rìn-ín sí mi, ó padà sídìí aṣọ tó ń fọ̀.

Mo ti dàgbà kí n tó rántí pé ìjókòó méjèèjì tí bàbá gbé síwájú mi, àyè ẹnì kan ṣoṣo ló wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn; èyí ó wù kí n yàn, Màmá kò ní ríbi jókòó sí. Síbẹ̀, bí alùpùpù bá ti ń kọjá, ohùn ara mi ni mo máa ń gbọ́, tó ń yọ̀.