Ẹ̀rí Tí Màmá Bísí Jẹ́ Níwájú Ìgbìmọ̀ Owó Orí Ilé

Nígbà tí àrùn kòrónà ti ń rọlẹ̀, tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ ara wa lọ́wọ́ padà ní ṣọ́ọ̀ṣì, ni lẹ́tà káúńtì wọ gbogbo ilé tó wà ní òpópónà wa ní ìwọ̀-oòrùn Houston. Ìjọba ìbílẹ̀ ni à ń pè ní káúńtì níbí. Lọ́dọọdún ni wọ́n máa ń kọ̀wé sí onílé pé iye báyìí ni ilé rẹ tó lójú àwọn, iye yẹn ni wọ́n sì máa ń wò kí wọ́n tó bu owó orí lé ilé. Lọ́dún tí mò ń wí yìí, iye náà fò sókè bí ẹni tó tẹ ejò mọ́lẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ra ilé ni mo ń kọ èyí fún. Mo ti bá àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ mi daṣẹ́ sílẹ̀ rí nílé lọ́hùn-ún, kí n tó wá síbí. Mo ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé iṣẹ́ ìjọba títí oòrùn fi lé wa kúrò níbẹ̀. Síbẹ̀, nínú gbogbo ìjà tí mo bá ìjọba jà, kò sí èyí tí àyà mi já tó ti yàrá kékeré kan tí ẹnikẹ́ni kò ti pariwo.

Màmá Bísí ló ni ìjà náà. Opó ni, ilé rẹ̀ ló kángun sí tèmi. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló ṣe, ẹsẹ̀ tó ń dùn ún ló mú un fẹ̀yìn tì ṣáájú àkókò, ọjọ́ orí rẹ̀ kò sì tíì tó ti àwọn àgbàlagbà tí ìjọba máa ń dín owó orí kù fún. Bí iye tuntun yẹn bá dúró, owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ kò ní gbé e. Bísí, ọmọ rẹ̀, ti tún yàrá kan ṣe dè é ní Dallas. Màmá Bísí kò fẹ́ lọ. Ọkọ rẹ̀ ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ́ táìlì ilé náà, láti ilé ìdáná títí dé ẹnu ọ̀nà, kí ó tó kú.

Mo pe àwọn aládùúgbò jọ sí pálọ̀ mi ní ọjọ́ Sátidé kan. Mo tan kọ̀ǹpútà, mo fi hàn wọ́n pé àkọsílẹ̀ ilé kọ̀ọ̀kan wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, wọn kò fi pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ tẹ nọ́ńbà ilé àti orúkọ òpópónà, ẹ ó rí orúkọ onílé, bí ilé ṣe fẹ̀ tó, ọdún tí wọ́n kọ́ ọ, àti ipò tó wà. A tẹ ti Màmá Bísí. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ilé náà wà ní ipò tó dára. Èmi sì mọ ohun tí ìkún omi ńlá tó ya wọ òpópónà wa ní ọdún mélòó kan ṣáájú ti ṣe sí ilé yẹn. Ìpìlẹ̀ rẹ̀ rì ní apá kan, ògiri yàrá sì sán láti òkè dé ilẹ̀. Àwọn àgbà ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ojú títì ni káúńtì dúró sí tí wọ́n fi sọ ọmọ yìí lórúkọ.

Ohun kejì tún wà níbẹ̀. Ẹ̀dínwó kan wà fún ẹni tó bá ń gbé inú ilé ara rẹ̀, kì í sì í jẹ́ kí iye ilé fò kọjá ìwọ̀n lọ́dún. Màmá Bísí kò béèrè fún un rí. Ó ní ọkọ òun ló máa ń sọ pé ìjọba tó bá pe èèyàn wá gba ẹ̀dínwó, ó ní ohun tó ń wá. Àwọn tó wà níjokòó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo rí i pé àwọn mìíràn ń wo ilẹ̀. Mo ṣàlàyé fún wọn pé kò sí pańpẹ́ nínú rẹ̀, a sì kọ ìwé náà kí wọ́n tó dìde. Àmọ́ àǹfààní rẹ̀ tó pọ̀ jù, ó di ọdún tó ń bọ̀. Ti ọdún yìí, àfi ká kọ̀wé fi ẹ̀hónú hàn kí ọjọ́ tí wọ́n kọ sínú lẹ́tà tó kọjá, ká sì wá sọ tẹnu wa níwájú ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀. Mo ní kí kálukú ya àwòrán ibi tó bá bàjẹ́ nílé rẹ̀.

Ẹnjiníà Akínwándé, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ epo kan ní Westchase, dìde.

"Tíṣà, ẹ fẹ́ ká lọ sọ fún òyìnbó pé inú àlàpà la ń gbé? Ògiri tí kò bá lanu, aláǹgbá kì í ráyè wọ̀ ọ́."

Mo ní òwe rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n ògiri Màmá Bísí ti lanu ná.

"Ẹ ṣáà máa lọ, sà. Ilé tèmi ò sán, mi ò sì ní fi ẹnu mi sán an." Ó kí wa, ó sì jáde.

Ohun tó burú jù ni pé Màmá Bísí alára fara mọ́ ìdajì ọ̀rọ̀ yẹn. Díákónì obìnrin ni ní ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀, ó sì gbà pé ohun tí èèyàn bá fi ẹnu pè ló ń jẹ́ ẹ lóhùn. Mo jókòó tì í bí ẹni tó ń múra akẹ́kọ̀ọ́ sílẹ̀ fún ìdánwò. Mo ní kó sọ pé ilé òun ti bàjẹ́. Ó ní ilé òun yóò dára. Mo ní kó kàn sọ pé ògiri sán. Ó ní Ọlọ́run á dí i.

Lọ́jọ́ ìgbẹ́jọ́, èmi ni mo wa mọ́tò. Àwọn aládùúgbò wa ti ń wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan jáde pẹ̀lú ẹ̀rín. Àwọn méjì jáde tí ojú wọn le. Mo rọra béèrè àwòrán lọ́wọ́ Màmá Bísí.

"Mo fi wọ́n sílẹ̀ nílé, Tíṣà. Mo ti gbàdúrà sí i."

Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí n gbẹnusọ fún un, pé ìwé kan wà tó lè fọwọ́ sí fún ìyẹn.

"Ilé mi ni. Èmi ni màá sọ̀rọ̀. Ẹ ṣáà jókòó tì mí."

Ènìyàn mẹ́ta ni ìgbìmọ̀ náà, obìnrin kan tí irun rẹ̀ ti funfun ló sì ṣe olórí wọn. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan jókòó fún káúńtì. Wọ́n mú Màmá Bísí búra. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ka iye tí wọ́n ta àwọn ilé tó wà nítòsí, kò yára, kò sì ṣàṣìṣe. Obìnrin náà wá bi Màmá Bísí bóyá ìṣòro kan wà lára ilé náà tó yẹ kí àwọn mọ̀.

"Kò sí," ó dáhùn. "Ilé náà dára. A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run."

Ẹni tó jókòó lápá ọ̀tún bẹ̀rẹ̀ sí í pa ìwé rẹ̀ dé. Mo ti ń rí Dallas níwájú mi. Èmi kò ní ẹ̀tọ́ láti lanu, mo kàn ń wo ọwọ́ ara mi. Obìnrin olórí náà, bóyá nítorí ọmọlúàbí lásán, wá béèrè ohun tí Ọlọ́run ṣe tí ó fi ń dúpẹ́.

Màmá Bísí dìde dúró.

Ó ní nígbà tí omi wọlé, ó dé orúnkún, òun àti ọkọ òun gun orí tábìlì títí ọkọ̀ ojú omi fi wá gbé wọn, ẹnikẹ́ni kò sì bómi lọ. Ó ní nígbà tí omi fà, ìpìlẹ̀ rì, ògiri yàrá là débi pé ọwọ́ òun ń wọ inú rẹ̀ títí dé ọrùn ọwọ́, síbẹ̀ kò wó lu òun. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé kò tì mọ́ láti ìgbà náà, síbẹ̀ olè kò yà wá. Òjò ń kán sínú yàrá àlejò, òun sì ń gbé abọ́ sábẹ́ rẹ̀, síbẹ̀ òrùlé kò ṣí. Kò sọ ọ̀rọ̀ burúkú kankan sí ilé náà. Ó ka gbogbo ìbàjẹ́ rẹ̀ tán, ọpẹ́ sì ń tẹ̀ lé ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Obìnrin náà ti ń kọ̀wé. Ó béèrè bóyá àwòrán wà. Màmá Bísí yíjú sí mi.

"Tíṣà, ẹ kó àwòrán yẹn jáde. Mo mọ̀ pé ẹ ò lè ṣe kẹ́ ẹ má ní ẹ̀dà."

Lóòótọ́, ẹ̀dà wà nínú báàgì mi, n kò kàn lè mú un jáde láìgbàṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀, mo tilẹ̀ ti kọ nọ́ńbà sí wọn lẹ́yìn. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà wo àwòrán ògiri yẹn títí. Ó ní kò sí ẹni tó sọ èyí fún àwọn rí. Kò parọ́. Wọ́n jùmọ̀ sọ̀rọ̀ díẹ̀, wọ́n sì dín iye náà kù. Kò dé ibi tí a béèrè fún, ṣùgbọ́n ó dé ibi tí owó ìfẹ̀yìntì lè gbé.

Nígbà tí a jáde, mo sọ fún un pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí.

"Ẹ̀yin lẹ ní kí n ṣàròyé," ó ní. "Mi ò mọ̀ ọ́n ṣe. Ẹ̀rí ni mo mọ̀ ọ́n jẹ́."

Màmá Bísí ṣì wà nílé rẹ̀, Bísí sì ti kó ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ sínú yàrá tó tún ṣe nì. Èyí ni a jèrè. Àwọn méjì tí ojú wọn le lọ́jọ́ náà kò rí ohunkóhun gbà, nítorí ìbínú ni wọ́n mú wá, wọn kò mú àwòrán. Ní ti Akínwándé, kò kọ̀wé rárá. Nígbà tí ilé iṣẹ́ rẹ̀ dín òṣìṣẹ́ kù, owó orí náà wà lára ohun tó mú un ta ilé. A máa ń kí ara wa dáadáa ní ṣọ́ọ̀ṣì, a kì í sì í dárúkọ ilé. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹ lọ wo àkọsílẹ̀ ilé yín. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò bá tún ṣe níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe wà, òun náà ni wọn yóò sì fi bu owó orí lé yín.

Gbèsè kan ṣì kù. Gọ́tà ńlá tó wà ní ìparí òpópónà wa ti dí, ibẹ̀ ni omi ti ya wọlé wá bá wa, owó orí tí à ń san ló sì yẹ kó gbẹ́ ẹ. Màmá Bísí ti forúkọ sílẹ̀ láti sọ̀rọ̀ ní ìpàdé káúńtì. Ìwọ̀nba ìṣẹ́jú ni wọ́n ń fún èèyàn níbẹ̀, mo sì ní kó gé ọpẹ́ rẹ̀ kúrú. Ó ní kí n fọkàn balẹ̀, kò sí ọpẹ́ nínú èyí: wọn ò tíì gbẹ́ ẹ.