Ẹsẹ̀ Tí Mi Ò So Mọ́lẹ̀

Ẹ jẹ́ kí n rọra sọ ọ́, nítorí kò dùn-ún sọ.

Ṣọ́ọ̀bù mi wà lójú ọ̀nà Ìpájà. Áísì kékeré tó ń ronú fún ẹ̀rọ ni mo fi ń ṣiṣẹ́: òun ló ń pa pọ́ńpù bí táńkì bá kún, òun ló ń ṣí géètì fún olówó. Ìyá kan tó ní ilé búrẹ́dì ní Ìgàndó wá bá mi pé kí n fi irú rẹ̀ sí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń po ìyẹ̀fun, kó lè máa dúró fúnra rẹ̀ bí àkókò bá tó.

Mo ṣe é. Mo gbé e sórí tábìlì, mo fún un ní iná. Kí áísì tó rántí iṣẹ́ rẹ̀, nǹkan kan dún nínú páálí rẹ̀: tọ́! Gílóòbù tí mo fi rọ́pò ẹ̀rọ láti dán an wò ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan, ó kú.

Bàbá tó ń tún rédíò ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, gbọ́ ọ. "Ìwọ, kí ló dún yẹn?"

"Ó ń kí yín ni, Bàbá."

"Kò kí mi. Áísì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jí, gbogbo ẹsẹ̀ rẹ̀, àwọn irin tín-ín-rín tó fi ń pàṣẹ yẹn, ló máa ń tú sílẹ̀. Kò ní bẹ́ẹ̀ ni, kò ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Afẹ́fẹ́ lásán lè pàṣẹ fún un nígbà yẹn. Fi rẹsísítọ̀ kan so ẹsẹ̀ tó ń tan ẹ̀rọ mọ́lẹ̀ kí ó tó pa èèyàn."

Oníbàárà mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Mo kọjú sí wọn: "Ẹ gbọ́ o! Bàbá onírédíò fẹ́ kọ́ mi ní kọ̀ǹpútà! Bàbá, ẹ lọ wá ibi tí wọ́n ti ń ka ìròyìn, jàre."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Bàbá ṣa irinṣẹ́ rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Mo sín ọwọ́ gbígbọ̀n náà jẹ, wọ́n tún rẹ́rìn-ín.

Bí áísì náà ṣe wà ni mo gbé e lọ sí Ìgàndó. Obìnrin Èkìtì kan ló ń po ìyẹ̀fun níbẹ̀. Kó tó ki ọwọ́ bọ abọ́ irin ẹ̀rọ náà, yóò kọ́kọ́ rìn dé ìdí ògiri, yóò pa súwíìsì ńlá. Mo ní, "Àǹtí, ìyẹn ti di àtijọ́. Ẹ̀rọ yìí gbọ́n jù yín lọ. Ẹ ṣáà tẹ bọ́tìnnì pupa, ó ti kú nìyẹn." Ìyá oníbúrẹ́dì ní òótọ́ ni, ìrìnkurìn ló ń jẹ́ kí búrẹ́dì pẹ́.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n pè mí. Ìyẹ̀fun tí mo bá nínú abọ́ ti pọ́n. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí: obìnrin náà tẹ bọ́tìnnì pupa, ẹ̀rọ dúró, ó ki ọwọ́ ọ̀tún bọ̀ ọ́ láti ha ìdí rẹ̀. Iná àdúgbò lọ, ó dé. Áísì ń jí, ẹsẹ̀ rẹ̀ tú, irin inú abọ́ yí lẹ́ẹ̀kan péré. Ìka mẹ́ta.

Nígbà tí obìnrin náà kúrò nílé ìwòsàn, ìyá oníbúrẹ́dì pe àwa méjèèjì jọ. Ohun kan ló fẹ́ mọ̀. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀rọ ló jẹ̀bi, èmi tí mo ṣe é ni yóò máa tọ́jú obìnrin yìí, àyè rẹ̀ kò sì ní bọ́ níbi iṣẹ́. Bó bá jẹ́ pé obìnrin náà ló jẹ̀bi, kó máa lọ sílé.

Obìnrin náà wò mí. "Ẹnjiníà, ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n. Mo tẹ pupa. Àbí mi ò tẹ̀ ẹ́ dáadáa ni?"

Kò sẹ́ni tó fipá mú mi. Mo fara balẹ̀, mo dáhùn bí aláàánú: "Àǹtí, ó lè jẹ́ pé kò wọlé. Ìyẹ̀fun máa ń jẹ́ kí ọwọ́ yọ̀."

Ó rò ó títí. Lẹ́yìn náà ó kúnlẹ̀. Kò lè fi ọwọ́ ọ̀tún tẹlẹ̀, ó fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kò sẹ́ni tó dì í mú nínú wa. "Ẹ má bínú, mà," ó ń bẹ ìyá oníbúrẹ́dì. Ó wá yíjú sí mi. "Ẹnjiníà, ẹ má bínú. Mo ti ba iṣẹ́ yín lórúkọ jẹ́."

Mo ní kó dìde, pé mo ti dárí jì í.